Eélòó Ni Wọ́n Fi Ń Ṣí Ìsọ̀ Lórí Íńtánẹ́ẹ̀tì?

  Láti ọjọ́ tí ẹnìkan ti tú àṣírí mi nípàdé pé èmi ni mo ṣí ìsọ̀ fún àǹtí mi lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni n kò ti sinmi mọ́. Ẹni tó ń ta ìpara, ẹni tó ń ta bàtà, ẹni tí ìyá rẹ̀ ń ta gààrí n'Íjẹ̀bú, ẹnu ọ̀nà yàrá mi ni gbogbo wọn ń gbà. Ìbéèrè kan náà ló ń jáde lẹ́nu wọn: "Eélòó ló ná yín?" Kí n tó dáhùn tán, wọ́n á ti fi kún un pé, "Bá mi ṣe tèmi náà jàre, àmọ́ má jẹ́ kó wọ́n o."

Kò wọ́n. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ bẹ́ẹ̀ kí ọkàn yín lè balẹ̀. Owó tí a fi ṣí ìsọ̀ náà kò tó èyí tí àwọn kan nínú wa ń ná sórí aṣọ ẹbí ìgbéyàwó kan ṣoṣo. Ohun tó jẹ́ kí n mú gègé ni pé ìkànnì tí àǹtí mi kọ́kọ́ ní, owó kékeré ni wọ́n fi ṣe òun náà, síbẹ̀ títí di òní yìí, wọn kò tíì ra ohun tó wọ́n tó o. Nítorí náà n ó sọ ti owó, n ó sì sọ ti kọ́kọ́rọ́. Ti kọ́kọ́rọ́ yẹn ló ká mi lára jù.

Aṣọ òfì ni àǹtí mi, àbúrò ìyá mi, ń tà ní Ìṣẹ́yìn. Ọkọ wọn ló ń hun ún pẹ̀lú àwọn ọmọṣẹ́. Àǹtí ni wọ́n ń ra òwú, àwọn ni wọ́n ń gba iṣẹ́, àwọn náà ni wọ́n ń bá oníbàárà ná an. Ẹ̀yin tí ẹ kò bá tíì rí i rí, aṣọ yìí kì í jáde lódindi. Tọ́ọ́rọ́ tọ́ọ́rọ́ ló ń ti ojú òfì jáde, kò sì fi bẹ́ẹ̀ fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, kí wọ́n tó wá rán an pọ̀ di ìró, di gèlè, di agbádá. Iṣẹ́ ọjọ́ pípẹ́ ni. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ìyàwó ní Lọ́ńdọ̀nù lóṣù Kejìlá, tí kò bá tètè béèrè, aṣọ tí kì í ṣe tiwa ni yóò wọ̀.

Orí Status WhatsApp ni gbogbo ìpàtẹ wọn wà tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ Status: ó pé wákàtí 24, ó kú. Àǹtí á gbé fọ́tò aṣọ mẹ́wàá síbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Tó bá di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àfi kí wọ́n tún un gbé. Ẹni tí kò ní nọ́ńbà wọn lórí fóònù, tí àwọn náà kò sì ní tirẹ̀, kò lè rí nǹkan kan. Ṣe ló dà bí ẹni pàtẹ ọjà sínú yàrá, tó wá ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n sì ń dáhùn nígbà ogún lóòjọ́. Eélòó ni? Ṣé kì í ṣí tí a bá fọ̀ ọ́? Ṣé ẹ lè fi ránṣẹ́ sí Manchester? Lálẹ́, àtàǹpàkò wọn á máa ro wọ́n bí ẹni pé àwọn gan-an ló ń hun ún.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbà nígbà tí ọmọkùnrin kan wá bá wọn lọ́dún 2019 pé òun mọ ìkànnì ṣe. N kò ní dárúkọ rẹ̀, n kò sì pè é lólè. Ọ̀rọ̀ tó sọ fún wọn ni pé, "Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, Mà, mo máa bá yín bójú tó gbogbo ẹ̀." Gbogbo ẹ̀ yìí ló wá di wàhálà. Ímeèlì ara rẹ̀ ló fi ra orúkọ ìkànnì náà, orúkọ ara rẹ̀ ló fi háyà ibi tí wọ́n gbé e sí, orí ara rẹ̀ ni páswọ́ọ̀dù wà. Lọ́dún kejì ó pè, wọ́n san owó. Lọ́dún kẹta kò pè. Nígbà tí àǹtí pè é, fóònù ní nọ́ńbà náà kò sí mọ́.

Orúkọ ìkànnì, ẹ gbọ́ o, a kì í rà á pa. Ṣe là ń gbà á lọ́dọọdún bí ìsọ̀ ọjà. Èyí tó bá parí sí .com, tí ọdún rẹ̀ bá pé tí ẹnikẹ́ni kò san, wọ́n á fún olówó rẹ̀ láyè díẹ̀, oṣù kan, oṣù méjì, ó lè lé díẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n á jù ú sójú títì, ẹni tó bá kọ́kọ́ he é ló ni ín. Àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa ṣọ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo yẹ tàǹtí wò lọ́dún 2022, ẹnìkan tí a kò mọ̀ rí ti gbà á, ó sì ń béèrè owó dọ́là lórí rẹ̀. Orúkọ yẹn ti wà lára ọ̀rá tí wọ́n ń di aṣọ sí, ó wà lára káàdì, ó wà lẹ́nu àwọn oníbàárà. Obìnrin kan pè láti Peckham, ó ní, "Àǹtí, mo tẹ orúkọ yín, tẹ́tẹ́ ni mo rí. Ṣé ẹ ti ń ta tẹ́tẹ́ ni?"

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ìkànnì fún ènìyàn gbowó ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, ẹ̀yin ni mò ń bá wí níbí. Mo mọ̀ pé ó rọrùn fún yín láti fi ímeèlì yín ṣe é. Oníbàárà ò mọ nǹkan kan, ẹ̀yin náà ń kánjú, ọjọ́ ti lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Bí ẹ bá sọnù, tí ẹ bá lọ sìnrú ìlú, tí fóònù yín bá bọ́ sómi, ìsọ̀ ẹni ẹlẹ́ni ló ń bá yín lọ yẹn.

Nígbà tí mo wá ní kí n bá wọn ṣe òmíràn, àǹtí wò mí látòkè délẹ̀. Wọ́n ní, "Ọmọ kọ̀ǹpútà mìíràn kọ́ o. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí alángbá á sá." Mo ní, "Àǹtí, tí ẹ bá fẹ́ ra ilẹ̀, ṣé ẹ máa jẹ́ kí ajẹ́ńtì kọ orúkọ ara rẹ̀ sí rìsíìtì?" Wọ́n ní kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Mo ní ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn nìyẹn gẹ́lẹ́. Wọ́n dákẹ́ fúngbà díẹ̀. Wọ́n wá ní, "Ìyẹn ni pé ó yẹ kí n ní ìwé ilẹ̀ yẹn lọ́wọ́." Bẹ́ẹ̀ ni. Nítorí náà, kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ímeèlì la kọ́kọ́ ṣí, tàǹtí fúnra wọn, nọ́ńbà fóònù tiwọn ni wọ́n sì fi tì í lẹ́yìn, tó jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ wọlé láti orí ẹ̀rọ mìíràn, fóònù àǹtí ni kọ́ọ̀dù máa bọ́ sí. Ọ̀fẹ́ ni. Kò tó ogún ìṣẹ́jú. Ohun tó gbọ́n jù tí a ṣe nínú gbogbo iṣẹ́ náà nìyẹn, kò sì sí ẹnì kan nínú ẹ̀yin tí ẹ ń wá sẹ́nu ọ̀nà mi tó tíì béèrè rẹ̀ rí.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan orúkọ. Ẹ rántí pé Yorùbá ni mò ń kọ́, a kì í fi ọ̀rọ̀ orúkọ ṣeré ní ẹ̀ka wa. Àǹtí fẹ́ kí ẹtù wà nínú rẹ̀, nítorí ẹtù ni ọwọ́ ọkọ wọn mọ̀ jù: aṣọ aláró tó dúdú kanlẹ̀, tó ní ìlà fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́, tí wọ́n fi ẹyẹ ẹtù sọ lórúkọ. Ó dára. Ṣùgbọ́n lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, lẹ́tà a dé z ti òyìnbó, nọ́ńbà 0 dé 9, àti ìlà ìsopọ̀ kékeré kan ni gbogbo ohun tí ìdí orúkọ ìkànnì mọ̀. Kò mọ ẹ, kò mọ ọ, kò mọ ṣ, ká má tíì wá sọ ti àmì ohùn. Mo kọ ọ́ sórí bébà fún wọn: etu. Mo ní, "Àǹtí, ẹ wò ó. Ẹlòmíì á kà á sí ẹtù. Ẹlòmíì á kà á sí ẹtu tó ń sá nínú igbó. Ẹlòmíì á kà á sí ẹ̀tù tí ọdẹ ń rọ sínú ìbọn." Ọkọ wọn tí wọ́n wà nídìí òfì kò tilẹ̀ gbójú sókè. Wọ́n ní, "Ẹ kúkú fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí aṣọ ò bá tà, a ó máa ta ẹran ìgbẹ́."

Ọ̀nà kan wà o, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé n kò mọ̀. Ètò kan wà tó lè gba lẹ́tà tó ní àmì sínú orúkọ ìkànnì. Àmọ́ lábẹ́nú, ṣe ló máa sọ ọ́ di xn-- tí jágbajàgba lẹ́tà wá ń tẹ̀ lé e, nígbà mìíràn jágbajàgba yẹn gan-an ni fóònù máa gbé síta fún oníbàárà, nítorí pé àwọn oníjìbìtì ń fi lẹ́tà tó jọra tan ènìyàn jẹ. Ta ni yóò rí irú rẹ̀ tí yóò sanwó síbẹ̀? Ó dùn mí, n kò ní purọ́. Aṣọ là ń tà, orúkọ aṣọ ọ̀hún wá ní láti bọ́ aṣọ tirẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Bí a ṣe wá yan orúkọ nìyí. A kọ márùn-ún sílẹ̀. Mo pe ìyá mi lórí fóònù, mo ka ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan péré, mo ní kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n gbọ́ kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi. Mẹ́rin nínú rẹ̀ wá ní oríṣìí mìíràn. Èyí tí wọ́n kọ bó ṣe yẹ la mú. N kò ní kọ ọ́ síbí, kí alága wa má baà ní mo ń fi ìwé ẹgbẹ́ polówó ọjà ilé wa.

Ìparí orúkọ náà tún dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Mo fẹ́ .com.ng. Àjọ NiRA, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2005, ló ń bójú tó gbogbo orúkọ tó bá parí sí .ng, ọ̀dọ̀ àwọn tí àjọ náà fọwọ́ sí la sì ti ń rà á, náírà la fi ń san án. Dọ́là ló wà nídìí .com, kódà bí ẹni tó ń tà á fún yín bá gba náírà. Ẹ sì mọ ohun tí dọ́là fojú wa rí. Kó tó di oṣù Kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò tó ₦500 ní báńkì. Lọ́dún 2024 ó kọjá ₦1,500. Ẹni tó ń san dọ́là 10 lọ́dún, bí ẹnikẹ́ni kò bá tilẹ̀ fi kọ́bọ̀ kún un lókè òkun, owó rẹ̀ ti di ìlọ́po mẹ́ta nílé. Ìyá mi ní àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù lè rí .ng kí ẹ̀rù bà wọ́n. Àǹtí ní, "Ìṣẹ́yìn ni wọ́n ti fẹ́ gba aṣọ. Ṣé kí n wá máa fi Nàìjíríà pamọ́ fún wọn ni?" Ọ̀rọ̀ parí.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gbọ́ ti owó, ó kàn yín wàyí. Ohun méjì ni ènìyàn ń san: orúkọ, àti ilẹ̀ tí a háyà lórí ẹ̀rọ àwọn tó ń gbé ìkànnì sórí afẹ́fẹ́, tí wọ́n ń pè ní hosting. Ilẹ̀ tó kéré jù lọ tó fún irú ọjà yìí; ẹni tó bá sọ fún yín pé ẹ nílò ńlá, ẹ bi í pé ènìyàn mélòó ló rò pé ó ń ra òfì ní ìṣẹ́jú kan. Ibi tí wọ́n ti ń mú ènìyàn ni owó ọdún àkọ́kọ́. Wọ́n á kọ owó pọ́ọ́kú gàdàgbà, wọ́n á wá fi lẹ́tà wínníwínní kọ iye tí yóò jẹ́ lọ́dún kejì. Lẹ́tà wínníwínní yẹn ni kí ẹ fi ṣírò. Lẹ́yìn náà, ẹ wo àwọn nǹkan tí wọ́n ti bá yín fi sínú agbọ̀n láìjẹ́ pé ẹ sọ bẹ́ẹ̀. A bá ìwé-ẹ̀rí ààbò níbẹ̀, èyí tó ń mú kí https wà níwájú orúkọ, pẹ̀lú owó tirẹ̀ lọ́tọ̀. Let's Encrypt ti ń fi ìwé-ẹ̀rí yìí tọrẹ láti ọdún 2015, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń háyà ilẹ̀ sì ti ní in nílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. A yọ àmì yẹn kúrò, owó fò wálẹ̀.

Ilé tí a kọ́ sórí ilẹ̀ náà, WordPress ni. Ó ti wà láti ọdún 2003, ọ̀fẹ́ ni. Àwọn ọ̀rẹ́ mi tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà ní kí n fi WooCommerce kún un kó lè ní agbọ̀n ọjà bíi ti àwọn ìsọ̀ ńlá. Mo ní rárá. Ẹni tó ń ta bàtà oríṣìí 80 lè nílò rẹ̀. Aṣọ mẹ́fà péré la ní, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó ń dúró lórí pẹpẹ de ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá béèrè là ń hun ún fún, iye rẹ̀ sì ń bá owó òwú lọ. Ojú-ìwé kan ṣoṣo la ṣe, pẹ̀lú bọ́tìnnì kan tó ń gbé oníbàárà lọ tààrà sórí WhatsApp àǹtí. Ìyẹn náà kò ná wa ní kọ́bọ̀: wa.me, ìlà gbọọrọ, kí ẹ wá fi 234 rọ́pò òdo tó ṣáájú nọ́ńbà yín. Ó tán.

Ti owó gbígbà, àǹtí fẹ́ràn kí wọ́n sanwó sí báńkì, n kò sì bá wọn jà. Àmọ́ ẹni tó wà ní ìlú òyìnbó, káàdì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Paystack la lò. Ìlú Èkó ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 2015, Stripe ti Amẹ́ríkà rà á lọ́dún 2020. Nígbà tí a forúkọ sílẹ̀, ohun tí wọ́n ń yọ lórí owó tó bá ti inú Nàìjíríà wá ni 1.5% pẹ̀lú ₦100, kò sì gbọdọ̀ ju ₦2,000 lọ. Lórí káàdì òkè òkun, 3.9% pẹ̀lú ₦100. Àǹtí kò gbà bẹ́ẹ̀ láìṣírò. Wọ́n mú bírò. Aṣọ ₦60,000 láti Ìbàdàn, ₦1,000 ló lọ. Aṣọ ₦150,000 láti Ìbàdàn, ₦2,000. Aṣọ ₦150,000 kan náà láti Lọ́ńdọ̀nù, ₦5,950. Wọ́n wo iye tó gbẹ̀yìn yìí títí, wọ́n ní, "Ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ló máa san èyí." Bẹ́ẹ̀ la ṣe kọ ọ́ sórí ìkànnì, láìfi bò.

Fọ́tò ló gba ìṣẹ́ jù, bẹ́ẹ̀ kò gba owó. Ẹtù ń bá kámẹ́rà fóònù ṣọ̀tá. Tí oòrùn bá wà lórí rẹ̀, á di búlúù ṣíṣí. Tí ẹ bá lo fláàṣì, á máa dán bí ọ̀rá. Nínú yàrá, á di dúdú lásán. Ẹni tó bá fi irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ rà á, ìjà ni yóò bá dé. Abẹ́ àtíbàbà níta la ti wá yà á, láàárọ̀ kí oòrùn tó ràn, ọwọ́ ọkọ wọn wà lórí aṣọ kí ènìyàn lè mọ bó ṣe fẹ̀ tó. Fọ́tò kọ̀ọ̀kan tó 4MB. Méjìlá ni. Ẹ ṣírò rẹ̀: 48MB ni oníbàárà yóò fi dátà rẹ̀ fà kó tó rí aṣọ, àwa tí a ń ra dátà mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. A dín ọ̀kọ̀ọ̀kan kù sí nǹkan bíi 150KB, gbogbo rẹ̀ kò wá tó 2MB mọ́, ojú kò sì rí ìyàtọ̀ lórí fóònù.

Ó kù sí ọwọ́ mi báyìí, ìyẹn ọ̀rọ̀ tó máa wà lábẹ́ fọ́tò. Mo ti ń retí ìdí yìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ bá mi kí àwọn tó ń ṣe fọ́ǹtì: nínú Unicode, kò sí ẹ́ lódindi, ẹ la máa kọ́kọ́ fi lélẹ̀ kí a tó gbé àmì òkè lé e lórí, fọ́ǹtì tí kò bá mọ̀ ọ́n gbé á wá fi àmì náà sí ẹ̀gbẹ́ kan bí fìlà ọ̀mùtí. Mẹ́rin la dán wò kí a tó dúró sórí Noto, ti Google, ọ̀fẹ́ lòun náà. A kọ ọ́ ní Yorùbá pẹ̀lú àmì, a kọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì, a sì rí i pé "aso ofi" àti "aso oke" láìsí àmì wà níbì kan lójú-ìwé náà, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń tẹ̀ ẹ́ tí wọ́n bá ń wá a.

Mo kọ ìlà mẹ́fà lórí ẹtù. Àǹtí kà á. Wọ́n ní, "Ó dùn. Eélòó wá ni?" Wọ́n fi bírò pa márùn-ún, wọ́n fi iye owó, iye ọjọ́ tí a ó fi hun ún, àti bí a ṣe ń fọ̀ ọ́ dípò rẹ̀. Ìlà kan ni wọ́n fi jì mí: "Ẹtù: òru tí a fi ìlà òwúrọ̀ sí létí." Ṣùgbọ́n níbi sányán ni mo ti rí ohun tí n kò rò. Mo ti kọ ọ́ pé síliki ìgbẹ́ ni, bó ṣe wà nínú ìwé tí a kà. Wọ́n ní kí n pa á rẹ́. Sányán àtijọ́, inú ìtẹ́ kòkòrò ni wọ́n ti ń fa òwú rẹ̀. Èyí tí àwọn ń tà, òwú ilé-iṣẹ́ ni, àwọ̀ sányán ló ní. Mo ní ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tà á ni kì í sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní, "Ti Status, lọ́la ó ti lọ. Ti èyí tí o ń kọ yìí, ńṣe ló máa dúró síbẹ̀ máa wò mí." Bẹ́ẹ̀ la kọ ọ́: àwọ̀ sányán, òwú ilé-iṣẹ́.

Kí n má tàn yín, ìkànnì kì í pe oníbàárà fúnra rẹ̀. Fún bíi oṣù méjì, àwa àti àwọn ẹbí la ń ṣí i wò. Status ni wọ́n ṣì fi ń pe ènìyàn. Ìyàtọ̀ ni pé líǹkì ló wà níbẹ̀ báyìí, ẹni tó bá fi wá sórí WhatsApp ti rí owó, ti rí ọjọ́, kò béèrè pé ṣé ó ń ṣí. Oníbàárà tó ń pè kò pọ̀ jù ti tẹ́lẹ̀ lọ, àwọn tó ń rà nínú wọn ló pọ̀ sí i.

Lọ́jọ́ tí mo máa padà sílé ìwé, a jókòó. Mo kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń wọlé, bí wọ́n ṣe ń yí iye owó padà, bí wọ́n ṣe ń pa ọ̀rọ̀ rẹ́. Wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀mẹrin, mo káwọ́ lẹ́yìn, n kò fọwọ́ kan fóònù. Wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn ìwé tí wọ́n fi ń kọ gbèsè: orúkọ ilé-iṣẹ́ tí a ti ra orúkọ ìkànnì, ọjọ́ tí ọdún rẹ̀ máa pé, ímeèlì, páswọ́ọ̀dù. Ọ̀rẹ́ mi kan ní a kì í kọ páswọ́ọ̀dù sínú ìwé. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ ní báńkì. Ìwé gbèsè àǹtí mi, abẹ́ ìró ló ń sùn, ó sì sàn ju orí ọmọkùnrin kan tí nọ́ńbà rẹ̀ kò lọ lọ. Wọ́n tún kọ ọjọ́ ìsanwó náà sára kàlẹ́ńdà tí wọ́n gbà níbi ìnáwó, tó wà lára ògiri níwájú òfì. Mo ní tí mo bá ti lọ, kí wọ́n yí páswọ́ọ̀dù padà kí èmi gan-an má mọ̀ ọ́n.

Òwú gbówó lórí lẹ́yìn ọdún tuntun. Mo wà ní kíláàsì nígbà tí mo ṣí ìkànnì náà wò, mo rí i pé iye owó aṣọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti yí padà. Ẹnikẹ́ni kò pè mí. Mo sọ̀ kalẹ̀ dé ibi ẹtù. Òru kò sí níbẹ̀ mọ́, ìlà òwúrọ̀ kò sí níbẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀, lẹ́tà gàdàgbà, láìsí àmì kankan lórí, ni: OWO LAKOKO. A KI I TA AWIN.

Mo fẹ́ wọlé kí n kàn bá wọn fi àmì ohùn sí i. Wọ́n ti yí páswọ́ọ̀dù padà.